Ọkùnrin méjìlá nínú yàrá kan: kí ni mo rí nínú 12 Angry Men?

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Kí àwọn yòókù lè mọ ohun tí à ń sọ, ìbéèrè rẹ nìyí ní ṣókí. O ní o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́pọ̀ ìgbà pé kò sí fíìmù tí mo fẹ́ràn tó 12 Angry Men. O wá a títí o fi rí i, ìwọ àti ọkọ rẹ jókòó tì í lálẹ́ Sátidé, kò sì tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí ọkọ rẹ ti ń hanrun. Ìwọ wò ó parí, ṣùgbọ́n ohun tí o rí kò ju ọkùnrin méjìlá tó yí tábìlì ká tí wọ́n ń jiyàn lọ. Kò sí ìjà, kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kò sí orin, a ò tilẹ̀ rí ẹni tí wọ́n ní wọ́n pa. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí níbẹ̀ gan-an?"

Má bínú sí ọkọ rẹ. Èmi náà sùn lọ nígbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni, ohùn rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ẹni tó mutí yó, mo sì ti fọkàn sí i pé fíìmù tí ìbínú wà nínú orúkọ rẹ̀ á ní ìbọn díẹ̀ nínú. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó padà sídìí rẹ̀, iṣẹ́ ló sì dá mi padà. Bí o ṣe mọ̀, gígé fíìmù àti títò ó ni mo fi ń jẹun. Ẹnìkan gbé ìran ìpàdé ẹbí kan wá fún mi: èèyàn mẹ́jọ nínú pálọ̀, wọ́n fẹ́ pín ogún bàbá wọn. Àwọn òṣèré náà mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ti ń sọ̀rọ̀, àwọn méje tó kù á kàn jókòó bí ẹni tó wà lórí ìlà ní báǹkì, kálukú ń retí kó kan òun. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń wò, kò wo ẹni tó ń gbọ́ ọ rárá. Mo gé e, mo tún un tò, mo tún un gé, kò jọ ẹbí. Ìgbà náà ni mo rántí àwọn ọkùnrin méjìlá yẹn. Mo lọ wò wọ́n bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ṣe ń yọjú wo ọ̀gá rẹ̀ nídìí síṣọ́ọ̀sì. Mo pa ohùn rẹ̀ pátápátá, ojú wọn nìkan ni mo ń wò. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yé mi.

Jẹ́ kí n yára sọ bí fíìmù náà ṣe dé. Ọdún 1957 ló jáde, dúdú àti funfun, ìṣẹ́jú 96. Reginald Rose tó kọ ọ́ ti ṣe júrì rí, ìyẹn ará ìlú tí kóòtù pè wá dájọ́, nínú ẹjọ́ ìpànìyàn kan ní New York. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ló sọ di eré, ilé iṣẹ́ CBS sì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1954. Nígbà tó di ti sinimá, òun àti òṣèré Henry Fonda ló jọ ṣe agbátẹrù rẹ̀, wọ́n sì fa iṣẹ́ olùdarí lé Sidney Lumet lọ́wọ́. Orí tẹlifíṣọ̀n ni Lumet ti ń bá iṣẹ́ bọ̀, kò darí fíìmù sinimá kankan rí ṣáájú ìyẹn. Owó tí wọ́n ná kò tó 350,000 dọ́là. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe ìdánrawò bí ẹni fẹ́ lọ ṣeré orí ìtàgé, kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n yàn án fún Oscar mẹ́ta, kò gba ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin lọ́dún náà.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn. Ọmọkùnrin ọdún 18 kan láti àdúgbò àwọn tálákà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fi ọ̀bẹ gún bàbá rẹ̀ pa. Wọ́n ti ro ẹjọ́ tán ní kóòtù, ó ku kí júrì lọ jókòó. Ní kóòtù tiwa lónìí, adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, òun náà ló ń dá a. Lọ́dọ̀ tiwọn, ará ìlú méjìlá tí kò mọ ara wọn rí ni wọ́n ń ṣà jọ, ohùn àwọn méjèèjìlá sì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Bí wọ́n bá ní ọmọ náà jẹ̀bi, ikú ni, kò sí àánú níbẹ̀. Adájọ́ tó ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún wọn ń sọ ọ́ bí ẹni tí ebi ọ̀sán ń pa. Kámẹ́rà wá wo ojú ọmọ náà, ó pẹ́ lójú rẹ̀, ojú ọmọ náà sì ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di yàrá òfìfo tó ní tábìlì gígùn kan. A ò rí i mọ́ títí fíìmù fi parí. O ní kò sí orin: orin Kenyon Hopkins wà níbẹ̀, ó rọra ń lọ lábẹ́ ojú ọmọ yẹn. Ó kàn jẹ́ pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ ni.

Nísinsin yìí, ìbò àkọ́kọ́. Olórí wọn ní kí ẹni tó bá gbà pé ọmọ náà jẹ̀bi nawọ́. Ọwọ́ bí mẹ́fà tàbí méje yọ sókè wàrà. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí yọ, jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. O lè rí ẹni tó kọ́kọ́ wojú aládùúgbò rẹ̀ kí ọwọ́ tirẹ̀ tó kúrò lórí tábìlì. Ọwọ́ bàbá arúgbó tó wà láàárín wọn pẹ́ kó tó gòkè. Wọ́n kà á: mọ́kànlá. Ẹnìkan ṣoṣo, ọkùnrin kẹjọ (nọ́ńbà ìjókòó wọn ni a fi mọ̀ wọ́n), ni kò nawọ́. Ìran yìí kò tó ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ọ̀rọ̀ gidi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo fíìmù náà ti wà níbẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn fà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà nígbà tó yá. Lumet ti fi hàn ọ́ tipẹ́; ìwọ ni o ò wò ó. Nígbà àkọ́kọ́, èmi náà ò wò ó.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn fíìmù yìí máa ń sọ pé ọkùnrin rere kan dìde, ó fi ọgbọ́n yí àwọn mọ́kànlá lọ́kàn padà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Fíìmù olódodo kan láàárín òmùgọ̀ mọ́kànlá pọ̀ nígboro, tiwa náà wà nílé. Lọ ṣírò ohun tí ọkùnrin kẹjọ yẹn, tí Fonda ṣe, mọ̀ fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ọmọ náà pa bàbá rẹ̀ tàbí kò pa á, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀. Ohun tó tọrọ kò ju wákàtí kan lọ, kí wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rán ọmọ èèyàn lọ sí ikú. Ó lọ ra ọ̀bẹ kan ládùúgbò ọmọ náà ní dọ́là mẹ́fà, ó gún un mọ́ tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Ó béèrè ìbéèrè. Tirẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tó tú ẹjọ́ náà palẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn yòókù ló ti wá, láti inú ayé tí kálukú ti jẹ kó tó wọ yàrá yẹn.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé náà búra pé òun gbọ́ tí ọmọ náà pariwo pé òun á pa bàbá òun, kí òkú tó ṣubú. Obìnrin kan ní òdìkejì ọ̀nà náà búra pé òun rí i, láàárín fèrèsé ọkọ̀ ojú irin tó ń gba orí afárá kọjá lọ. Ẹ̀rí méjèèjì dára bí o bá gbọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, báwo lẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ gbọ́ ohùn? Ta ló lè dáhùn ìyẹn? Kì í ṣe Fonda. Ọkùnrin kẹfà ni, pẹ́ńtà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta kun ilé kan tó kọjú sí irú ọ̀nà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ariwo yẹn ṣì wà létí rẹ̀. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ tí wọ́n ń tẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó já jáde? Ọkùnrin karùn-ún, tí wọ́n bí sírú àdúgbò yẹn, tó sì ti ń gbé ìtìjú rẹ̀ mì láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, tí wọ́n ń bú àwọn ará àdúgbò bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò, ó gba ọ̀bẹ náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi hàn wọ́n pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í gúnni lọ sókè. Ojú ọgbẹ́ òkú, òkè ló ti wá sísàlẹ̀. Wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń di ọ̀bẹ náà mú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ kórìíra pé ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n. Jack Klugman ló ṣe é, mi ò sì rí ibi tó ti ṣe iṣẹ́ tó ju ìyẹn lọ.

Ọkùnrin kejì ń kọ́? Akọ̀wé báǹkì ni, ohùn rẹ̀ tínrín bíi ti ọmọ ilé ìwé, gbogbo wọn ló ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló mú ọ̀rọ̀ gíga àti kíkúrú wá: bàbá ga ju ọmọ lọ fíìfíì, báwo lọmọ ṣe wá gún un látòkè? Òun náà ló wo aago nígbà tí Fonda ń rìn bíi bàbá àgbà ẹlẹ́rìí yẹn, tó ń fa ẹsẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá náà ní ìṣẹ́jú àáyá 15 lòun fi dé ẹnu ọ̀nà, tí òun fi rí ọmọ náà tó ń sá lọ. Aago sọ pé 41. Kí ló dé tí ọmọ tó bá pa bàbá rẹ̀ á tún padà wálé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, kí ọlọ́pàá lè mú un? Ọkùnrin kọkànlá ló béèrè ìyẹn, àjèjì tó ń tún aago ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: wọ́n fi òwe yìí ṣe fíìmù níbẹ̀ láìmọ̀ pé a ní i.

Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé eré tí gbogbo òṣèré jọ gbé ni, kì í ṣe eré Fonda. Bí o bá yọ ẹyọ kan kúrò nínú àwọn méjìlá náà, wọ́n á pa ọmọ yẹn. Fi ìyẹn wé ọ̀pọ̀ fíìmù wa tó kún fún gbajúmọ̀ mẹ́wàá lára pátákó ìpolówó: yọ mẹ́fà kúrò níbẹ̀, ìtàn náà á ṣì máa lọ, owó ọkọ̀ á sì dínkù.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ní gbogbo fíìmù náà, mi ò mọ̀ bóyá o rántí rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bàbá àgbà ẹlẹ́rìí yẹn, wọ́n ní kí ló máa mú arúgbó bẹ́ẹ̀ parọ́. Ọkùnrin kẹsàn-án, arúgbó tó wà láàárín wọn, ló dá wọn lóhùn. Ó ní òun wo ọkùnrin náà dáadáa ní kóòtù. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ya níbi abíyá. Ẹni ọdún 75, ó wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ wá sí kóòtù. Ó ń fa ẹsẹ̀, ó sì ń gbìyànjú kí ẹnikẹ́ni má rí i pé òun ń fà á, nítorí ojú ń tì í. Ó ní òun mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò jámọ́ nǹkan kan rí láyé rẹ̀, tí ìwé ìròyìn ò dárúkọ rẹ̀ rí, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè pé kí lèrò tirẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má fẹ́ parọ́ o, ṣùgbọ́n ó lè sọ ọ́ di òtítọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun gbọ́, kí wọ́n lè fetí sí òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú Joseph Sweeney, òṣèré tó ṣe arúgbó náà, bó ṣe ń sọ ọ́. Kò sọ fún wa pé ara òun lòun ń sọ. Ojú yẹn ló sọ ọ́. Bí ìwọ àti èmi bá jẹ́ olóòótọ́, irú bàbá bẹ́ẹ̀ ń bẹ ní gbogbo ìpàdé ẹbí wa: àga iwájú là ń gbé e jókòó sí, a dọ̀bálẹ̀ fún un, a bù fún un kí a tó bù fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ta ló ń bi í?

Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ tọ̀tún, wọ́n gbọ́ tòsì, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó ní kóòtù, síbẹ̀ wọn ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́.

Jẹ́ kí n bọ́ sídìí kámẹ́rà díẹ̀, torí níbẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Yàrá kan ṣoṣo, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni fíìmù náà lò lóde rẹ̀. Báwo lo ṣe ń ṣe irú ìyẹn kí ojú òǹwòran má rẹ̀? Lumet àti Boris Kaufman, ẹni tó di kámẹ́rà mú, ti fẹnu kò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà wà lókè orí wọn, ó ń wò wọ́n nílẹ̀, lẹ́ǹsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń mú kí ibi kékeré fẹ̀. Nígbà tó di àárín, kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀gangan ojú wọn. Ní ìdá tó kẹ́yìn, ó ti wà nísàlẹ̀, ó ń wò wọ́n sókè, òrùlé yàrá bẹ̀rẹ̀ sí hàn lórí wọn. Lẹ́ǹsì sì ń gùn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa ń mú kí ògiri ẹ̀yìn dà bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹni. Kò sí ẹni tó sún ògiri náà, ṣùgbọ́n lójú rẹ, yàrá náà ń kéré. O ò ní mọ ìdí tí àyà rẹ fi ń há. Bí wọ́n ṣe jáde síta lẹ́yìn ẹjọ́, lẹ́ǹsì fífẹ̀ padà dé, kámẹ́rà gòkè lọ réré, àtẹ̀gùn kóòtù tútù fún òjò, èémí rẹ á sì padà. Mo ti fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gbà mí gbọ́ títí wọn ó fi fi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà.

Ooru náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tó móoru jù lọ́dún ni, fáànù ara ògiri kò ṣiṣẹ́. Ọkùnrin keje, tó ní tíkẹ́ẹ̀tì baseball lápò tí gbogbo ara ń yún láti lọ, gbìyànjú rẹ̀ títí, ó sú u. Nígbà tí ìbò wọn di mẹ́fà sí mẹ́fà, ojú ọ̀run ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀, olórí wọn tan iná yàrá. Ẹnìkan tún dán fáànù wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí! Ojú iná kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń làágùn lásán, kò sí ẹni tó rò ó láti tan iná. Mi ò ní sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọ, ìwọ náà ní orí.

Àágùn yẹn náà ni wọ́n fi mú ọkùnrin kẹrin. Òun ló gbọ́n jù nínú àwọn tó ní ọmọ náà jẹ̀bi. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, kò bọ́ ẹ̀wù kóòtù ọrùn rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ bi í pé ṣé kì í làágùn ni, ó ní rárá, òun kì í làágùn. Ẹ̀sùn rẹ̀ lágbára: ọmọ náà ní sinimá lòun wà nígbà tí wọ́n pa bàbá òun, ṣùgbọ́n kò rántí orúkọ fíìmù tó wò. Fonda bẹ̀rẹ̀ sí bi òun náà léèrè, jẹ́jẹ́. Alẹ́ àná, níbo lo wà? Ìjẹta ńkọ́? Ó dé orí ọjọ́ tó lọ sí sinimá. Orúkọ fíìmù àkọ́kọ́? Ó rántí. Ìkejì? Ó sọ ọ́, kò pé. Àwọn òṣèré rẹ̀? Kò mọ̀ wọ́n. Àágùn kan yọ níwájú orí rẹ̀, ó sì mú aṣọ ìnujú, ó nù ún. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa àágùn náà. Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n gbé ìran yẹn fún lọ́jọ́ òní, alágbàtà fíìmù á ti ní kí n fi ìró ìlù sí i, kí n fa ojú àágùn náà tóbi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ́n ọkùnrin kẹwàá lọ́wọ́, ó bú sí èébú nípa "irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn". A ò sọ ẹ̀yà tí ọmọ náà jẹ́ fún wa rárá. Ó ń pariwo, wọ́n sì ń dìde kúrò nídìí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Kámẹ́rà ń fà sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀, ó wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ òun. Ọkùnrin kẹrin, ẹni tí wọ́n ṣì jọ wà lápá kan náà, ló sọ fún un pé kó jókòó, kó má ṣe lanu mọ́. Ó lọ jókòó síbi tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èèyàn mélòó nínú fíìmù tí wọ́n ti fi ẹ̀yìn dá lẹ́jọ́, tí a sì gbọ́ ìdájọ́ náà yékéyéké?

Mo mọ̀ pé o máa bi mí nípa àbùkù rẹ̀, ó sì ní in. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Ní New York ọdún 1957, obìnrin ti lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe júrì, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Ọ̀bẹ tí Fonda lọ rà, òfin ò gbà á: júrì kò gbọdọ̀ lọ ṣèwádìí tirẹ̀ nígboro. Sonia Sotomayor tó jẹ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ pé fíìmù yìí wà lára ohun tó fà á sídìí iṣẹ́ òfin, ó sì tún ti sọ pé júrì gidi kò gbọdọ̀ ṣe bí wọ́n ṣe ṣe níbẹ̀. Èmi ní tèmi, fọ́tò ọmọ ọkùnrin kẹta ló ń yọ mí lẹ́nu. Ọkùnrin kẹta yìí, tí Lee J. Cobb ṣe, ló yí ìbò rẹ̀ padà kẹ́yìn. Òun àti ọmọ rẹ̀ ti jà, ó tó ọdún méjì tí wọ́n ti rí ara wọn, kò sì lè yà á sọ́tọ̀ mọ́, ọmọ tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ àti ọmọ tirẹ̀. Ó ju pọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí tábìlì, fọ́tò òun àti ọmọ náà yọ jáde, ó fà á ya, ó bú sẹ́kún. Iṣẹ́ Cobb níbẹ̀ ń mi ilé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ kí fọ́tò náà tó jáde. Bó bá jẹ́ èmi ni mo gé e, fọ́tò náà ì bá wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n san gbèsè yẹn padà ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn ti jáde, Cobb nìkan ló kù, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Fonda mú ẹ̀wù kóòtù Cobb wá láti ibi tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì bá a wọ̀ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan láàárín wọn. Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin yìí fìbínú sọ pé òun á pa á.

Ṣé ọmọ náà pa bàbá rẹ̀? Fíìmù náà ò sọ. Fonda pàápàá ti sọ nínú yàrá náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó jẹ̀bi ni àwọn fẹ́ tú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bínú sí ìyẹn. Èmi ò bínú. Bí wọ́n bá fi ẹni tó pa á hàn wá lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn méjìlá yẹn á di ẹlẹ́rìí lásán nínú ìtàn ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọkùnrin kọkànlá kí n tó sinmi. George Voskovec ló ṣe é, ọmọ Czechoslovakia, tó sá fún ìjọba Hitler. Nígbà tó tún padà wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1950, wọ́n há a mọ́ Ellis Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àjèjì wò, fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó gbà á wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kọkànlá bá sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe jẹ́ ohun àgbàyanu pé orílẹ̀-èdè yìí lè pe ará ìlú lásán kó wá dájọ́, tó sì gbá ọkùnrin keje lọ́rọ̀ mú torí pé ó yí ìbò rẹ̀ padà kó lè tètè lọ wo baseball, ohùn àjèjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tó fi ṣeré. Òun àti Sweeney nìkan ni wọ́n ti wà nínú èyí tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1954.

Nọ́ńbà ni a fi mọ̀ wọ́n nínú yàrá yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí orúkọ. Orí àtẹ̀gùn kóòtù, lẹ́yìn òjò, ni arúgbó kẹsàn-án yẹn ti sáré lé Fonda, ó ní kí lorúkọ rẹ. Davis, ó ní. Tèmi ni McCardle. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Arúgbó náà dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, kò rí nǹkan kan sọ, ó ní ó dàbọ̀.

Bí o bá máa tún un wò, má ṣe wò ó lẹ́yìn àmàlà alẹ́. Pa ohùn rẹ̀ nígbà ìbò àkọ́kọ́, kí o máa ka ọwọ́ wọn, kí o sì kọ̀wé sí mi pé ta lo rí tó kọ́kọ́ wojú ẹlòmíràn kó tó nawọ́. Ọkọ rẹ, gbé e jókòó síwájú fáànù.